Ọkọ̀ Onípàkúté Tó Gun Pákó Ìlọṣọ

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ìyá Àlàyé, ọmọ mi,

Ọkọ̀ mi gun òkè! Ó gun òkè tó ga ju òrùlé ilé wa lọ. Ó ń gùn ún bí ẹni tí wọ́n ń pè lókè pé oúnjẹ ti délẹ̀. Nígbà tó dé ṣóńṣó, ó dúró, ó wo gbogbo wa nísàlẹ̀ bí ọba. Àdúgbò tú jáde. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kọjá lójú títì dúró wòran.

Ó dáa, má mi orí mọ́. Kì í ṣe òkè tó ga ju òrùlé. Pákó ìlọṣọ Ìyá Alágbàfọ̀, aládùúgbò wa, ni mo yá, tí mo fi bíríkì gbé orí rẹ̀ kan sókè. Àdúgbò ò tú jáde o. Ìyá Alágbàfọ̀ nìkan ló dúró síbẹ̀, torí pé ó fẹ́ gba pákó rẹ̀. Ọkọ̀ àjàgbé kankan ò sì dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tèmi gùn ún dé òkè. Ìyá Alágbàfọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó sì figbe ta tó bẹ́ẹ̀ tí ajá tó wà lódìkejì títì fi dáhùn.

Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì gé etí rẹ lọ? Bó bá ku ẹyọ kan, ìyẹn náà tó láti fi gbọ́ ìbáwí mi.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo fi awò ojú kà á, mo tún yọ awò kà á, bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ á yí padà. Kò yí padà. Wọ́n ní kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àtúnṣe ẹ̀rọ agbénigòkè, kí olúkúlùkù yín kan ọkọ̀ kékeré tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí kò ní bátìrì. Sípíríǹgì pàkúté eku kan ṣoṣo ni kó máa wà á, kó sì gun pákó tó dàgẹ̀rẹ́ dé òkè. Ẹni tí tirẹ̀ bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó máa lọ sílé. Ṣíọ̀! Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, mo fi í sínú bàlúù, mo ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó gbayì, ohun tí wọ́n fi ń pa eku ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ohun tí ẹnu eku ti kàn! Bí mo ṣe ń kà á, itọ́ kún mi lẹ́nu, kì í sì í ṣe itọ́ oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n o ní èmi ló mọ sípíríǹgì, torí pé mo tún aago ṣe títí ojú mi fi di bàìbàì. Mo gbà fún ọ. Gbọ́ bí mo ṣe ṣe é. Mo kan pàkúté mọ́ pátákó pẹlẹbẹ. Mo so ọ̀pá tín-ín-rín mọ́ irin tó máa ń gbá eku lórí, mo so òwú mọ́ orí ọ̀pá náà, mo wá wé òwú yẹn mọ́ irin tó mú táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bí irin pàkúté bá ń padà sáyè rẹ̀, á máa fa òwú, òwú á máa yí táyà. Ọ̀pá kúkúrú ni o, torí òkè la fẹ́ gùn, a ò bá ẹnikẹ́ni sáré. Ìdérí ìgò ni mo fi ṣe táyà, mo gé rọ́bà wé e kó má baà yọ̀. Níwájú, mo fi agolo sadíìnì ṣe ìjókòó dẹ́rẹ́bà. Ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí o sì ya fọ́tò ojú olùkọ́ rẹ ránṣẹ́ sí mi.

Má bi mí pé níbo ni mo ti rí pàkúté. Mo yá a ni. Ilé yìí mọ́ tónítóní. Eku tó bá wọ ibí, àlejò tó ṣìnà ni.

O ní kí n máa lo fóònù. Mi ò lò ó. Tí mo bá ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, wàá pa á mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé ò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Èmi ni,
Baba rẹ tó ṣì rẹwà jù ọ́ lọ.


Ọjọ́ ogún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìdágbé, ẹ kú ẹ̀fẹ̀ tí kì í tán. Etí mi méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n fi wọ́n gbọ́ igbe Ìyá Alágbàfọ̀ láti ìhín.

Ìwé yín mú kí ọkàn mi balẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ yìí fún wa ni mi ò ti rí oorun gidi sùn. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kan tèmi. Ilé ẹ̀kọ́ fún wa ní pàkúté tuntun, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò nìkan la máa lò ó. Tí mo bá fẹ́ fi dánra wò, àfi kí n wá òmíràn. Mo bá yọ èyí tó wà lẹ́yìn sítóòfù nínú ilé ìdáná tí gbogbo àwa ayálégbé jọ ń lò.

Bàbá, tí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Irun eku lẹ̀ mọ́ pákó rẹ̀, pẹ̀lú nǹkan kan tó ti gbẹ, tó dúdú, tí mi ò fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ni tàbí ẹ̀jẹ̀. Mo wé ọ̀rá mọ́ ọwọ́ méjèèjì. Mo rí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan tó ti gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́, mo fi ń ha á. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gbé wọlé, ó ní, "Ṣé kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì mi nìyẹn?" Mo ní rárá. Bàbá, tirẹ̀ ni. Mo ra tuntun fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí mo máa fi débẹ̀, ó ti ń fọ eyín. Mi ò tíì lè wo ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ṣe ni agolo sadíìnì. Òórùn rẹ̀ pẹ̀lú òórùn pàkúté yẹn, èébì ni. Ṣé ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe? Tó bá ní, ẹ tètè sọ fún mi, torí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀ ni ìdánwò àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì. Àǹtí kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní àwọn wá kí yín, pé nǹkan kan ń rùn nínú ilé ìdáná, pé àwọn rí nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ lẹ́bàá ògiri, ẹ sì ní irúgbìn ni. Irúgbìn kí ni, Bàbá? Nígbà tí Màámi kú, a jọ fẹnu kò ni. Mo gbà kí ẹ máa dá gbé, ẹ̀yin náà gbà pé lọ́jọ́ tí eku bá wọ ilé yẹn, ẹ máa kó lọ sọ́dọ̀ Àǹtí. Mi ò lè wà níbí kí n máa ro eku tó ń jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín.

Ẹ bá mi kí Ìyá Alágbàfọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Ìyá Àlàyé, agbẹjọ́rò Àǹtí rẹ,

Mo kí ọ, mo kí ẹni tó ni búrọ́ọ̀ṣì. Bá mi sọ fún un pé tó bá pàdé mi láyé yìí, kó má rẹ́rìn-ín sí mi.

Irúgbìn ni! Mo tún un sọ. Irúgbìn dúdú ni, mo sì ti gbá a dànù. Àbúrò mi ni Àǹtí rẹ yẹn o, mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń jẹ erùpẹ̀. Ó wọlé, kò tíì kí mi tán, ó ti ń fínmú káàkiri bí ajá ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n wá jẹun lọ́dọ̀ òun. Ọmọ mi, ohun tí ojú mi rí! Ó fi omi apakòkòrò nu ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó bó o. Ó fi nu ṣíbí. Díẹ̀ ló kù kó fi nu ahọ́n mi. Ọbẹ̀ rẹ̀ ń rùn bí ilé ìwòsàn. Ibi tí mo ti ń bá ọbẹ̀ jà ni ọkọ rẹ̀ ti na ẹsẹ̀ sórí àga, Àǹtí rẹ mú abẹ, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oúnjẹ. Ọ̀kan ta, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì mi. Títí di òní, mi ò mọ èwo ni mo jẹ nínú èékánná àti èérún búrẹ́dì. Ibẹ̀ lo fẹ́ kí n lọ lo ìyókù ayé mi? Ẹni tó ṣe irú èyí ló ń pè mí ní ọ̀bùn!

Ní ti agolo sadíìnì, jù ú nù. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Mo kàn fẹ́ kí dẹ́rẹ́bà rí ibi jókòó, bẹ́ẹ̀ kò sí dẹ́rẹ́bà kankan. Má tún bi mí léèrè agolo mọ́.

Ìyá Alágbàfọ̀ ò ráyè kí ọ padà. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gun òkè yẹn kí o má wẹ̀yìn. Baba rẹ ti gùn ún ṣáájú rẹ.

Èmi ni,
Bàbá Aago.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ó kùnà.

Mo wé òwú, mo gbé e sídìí pákó, mo ju ọwọ́ sílẹ̀. Ó gbéra dáadáa. Mo ti ń fọkàn rẹ́rìn-ín. Kò tíì dé ìdajì tí iwájú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ó sì da ẹ̀yìn délẹ̀ gbì. Táyà ń yí lófìfo. Ó rí gẹ́lẹ́ bí aáyán tí wọ́n fín oògùn sí lára. Ẹnì kan nínú wa ní, "Ṣé ó ti kú?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa fi ìdí gègé tì í wò, ó nu gègé náà mọ́ ṣòkòtò, ó kọ̀wé sínú ìwé rẹ̀, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bó ṣe nu gègé yẹn ló dùn mí jù. Bí ẹni pé èmi ló fọwọ́ kàn.

Mo tún gbìyànjú nílé. Mo pààrọ̀ òwú. Mo pààrọ̀ rọ́bà. Mo gé ọ̀pá kúrú sí i. Bákan náà ni: iwájú á gbé, ó máa dẹ̀yìn délẹ̀.

Ó ku ìdánwò kan ṣoṣo, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹrin. Tí mo bá kùnà níbẹ̀, ó parí nìyẹn. Ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí, ilé ẹ̀kọ́ ló gbà á fún mi. Wọ́n á gbà á padà. Gbogbo ọdún tí mo fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn olówó kí n tó rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, gbogbo rẹ̀ á di asán nítorí pàkúté eku.

Bàbá, tiyín gùn ún. Kí ni ẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ò kọ fún mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa. Ẹ gbé e wò, ẹ yí i po, ẹ sọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ fún mi, bó ti wù kó kéré mọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Pẹ̀lẹ́. Má sunkún. Tí o bá sunkún, imú rẹ á máa pọ́n, kò sì sí ẹni tó máa fẹ́ onímú pípọ́n.

Mo rò ó. Òwú ni. Òwú òkè òkun ò dáa, wọ́n ti fọ̀ ọ́ jù. Tàbí kó jẹ́ pé pákó wọn ló yọ̀. Tàbí kó jẹ́ ojú olùkọ́ yín ló wúwo jù fún ọkọ̀ náà. Ṣáà tún un ṣe, á gùn ún.

Àǹtí rẹ tún wá. Ó gbé ike oúnjẹ wá, ó ní kí n kọ́kọ́ wẹ̀ kí n tó ṣí i. Mo wẹ̀, mo ṣí i. Ọbẹ̀ ilé ìwòsàn ni. Mo dà á fún ajá tó wà lódìkejì títì. Ajá gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí lójú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àyè ò sí mọ́ lórí bébà yìí.

Baba rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin

Bàbá,

Ìwé yín dé. Mo kà á tán, mo lọ fọwọ́.

Mo mọ̀ pé èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìyà ṣẹ̀fẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Màámi wà lórí ibùsùn, ẹ ń ṣẹ̀fẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé ẹkún ni ẹ ò fẹ́ sun. Ṣùgbọ́n èyí rí mi lára. Mo ní ilẹ̀ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ẹ ń sọ fún mi nípa ajá àti ọbẹ̀. Bébà yín ò kún. Ìlàjì rẹ̀ ṣófo. Mo rí i.

Mi ò béèrè ohun tó pọ̀. Ṣé ọkọ̀ yín gun pákó yẹn àbí kò gùn ún? Tí kò bá gùn ún, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí n yéé fara wé ohun tí kò sí, kí n wá ọ̀nà tara mi nínú ọjọ́ díẹ̀ tó kù. Tó bá gùn ún, ẹ sọ bó ṣe gùn ún.

Tí ẹ bá tún fi ẹ̀fẹ̀ dá mi lóhùn, ẹ má wulẹ̀ kọ̀wé.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ọkùnrin kan tí mo tún aago rẹ̀ ṣe nígbà kan ń wọ bàlúù lọ sọ́hùn-ún lọ́la. Òun ni mo fi ìwé yìí rán, kí ó lè bá ọ kí ọjọ́ tó pé.

Kọ́kọ́ ka èyí: gbé nǹkan tó wúwo síwájú ọkọ̀ rẹ. Síwájú pátápátá, lórí táyà iwájú. Mo ju àgádágodo kékeré ẹnu ilẹ̀kùn sínú agolo iwájú tèmi láàárọ̀ yìí. Mo yọ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo fi bíríkì gbé e sókè, torí pé mi ò rí pákó ìlọṣọ yá mọ́. Ó gùn ún. Mo yọ àgádágodo kúrò, ó dẹ̀yìn délẹ̀. Mo dá a padà, ó tún gùn ún. Má jẹ́ kó wúwo jù, kí táyà ẹ̀yìn lè di ilẹ̀ mú. Ìwọ̀n àgádágodo kékeré tó. Tí o bá ti rí ìyẹn kà, lọ ṣe iṣẹ́ rẹ, ìyókù lè dúró.

Ìyókù rèé. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí tí mo ń ya á.

Mi ò fọ agolo sadíìnì yẹn kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀. Mo ní kí ni mo fẹ́ fọ̀ ọ́ fún, ìjókòó lásán ni. Orí ilẹ̀ ilé ìdáná ni mo gbé ọkọ̀ sí di àárọ̀. Mo sì ti fi májèlé sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ṣáájú, torí irúgbìn kọ́ ni irúgbìn yẹn. Wọ́n pọ̀, ọmọ mi. Wọ́n ń sáré lórí ìkòkò. Wọ́n jẹ etí bàtà mi. Wọ́n ṣu sínú ife tí ìyá rẹ fi ń mu omi, mo fọ̀ ọ́, mo tún fọ̀ ọ́, mi ò tíì lè gbé e kanu. Mi ò sọ fún ọ, torí mo mọ ohun tí a fẹnu kò lé lórí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ìyá Alágbàfọ̀ wá gba pákó rẹ̀. Mo ní kó dúró kó wá wo iṣẹ́ ọpọlọ. Awò ojú mi ò sí lójú mi, torí mo fẹ́ rẹwà. Mo gbé ọkọ̀, mo rí i pé ó wúwo díẹ̀, mo ní àgbà ló ń dé sí mi lápá. Mo wé òwú, mo jù ú sílẹ̀. Ó gòkè wẹ́rẹ́ dé orí pákó. Mo ń jó. Ìyá Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní, "Bàbá Aago, ta ni dẹ́rẹ́bà yín yìí?" Mo rò pé ó ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá awakọ̀ ni." Ó ní, "Ìrù rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀." Ìgbà náà ló figbe ta, tó gbá ọkọ̀ dànù, tí ohun tó wà nínú agolo sì já bọ́ sórí aṣọ funfun tó tẹ́ sórí pákó, ibi tó ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ènìyàn. Ikùn rẹ̀ ti wú. Omi sadíìnì ń kán lára rẹ̀ pẹ̀lú omi tara rẹ̀. Mo sáré débi gọ́tà, gbogbo ohun tí mo jẹ ló padà. Ó jó aṣọ yẹn níná, ó gbé pákó jù sórí ààtàn. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kí i, ògiri ló máa ń dá lóhùn.

Mo fọ agolo, mo lẹ̀ ẹ́ padà. Ọkọ̀ ò gòkè mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá jù ú sílẹ̀, á dẹ̀yìn délẹ̀ bí o ṣe wí. Mo ní sípíríǹgì ló rẹ̀. Ìwé tí o kọ lẹ́yìn ìdánwò ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú, torí ohun kan náà tí tìẹ ṣe ni tèmi ń ṣe. Ó yẹ kí n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo fi ẹ̀fẹ̀ bò ó, torí tí mo bá dárúkọ ohun tó wà nínú agolo, mo ti dárúkọ ilé Àǹtí rẹ nìyẹn. Mo jẹ́ kí o wà nínú ìdààmú kí n lè máa dá gbé pẹ̀lú eku. Nígbà tí mo kà á pé mo rí ọ lára, mo wo yàrá yìí yíká. Èmi náà rí ara mi lára.

Mo ti ránṣẹ́ sí Àǹtí rẹ kó wá kó mi. Mo ní kó máa gbé abẹ èékánná sí yàrá mìíràn, ó ní òun gbọ́.

Ní ti ohun tí o béèrè: ọkọ̀ tí mo fi yangàn fún ọ gun pákó lẹ́ẹ̀kan péré lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe ọgbọ́n mi ló gbé e gòkè. Òkú eku ló wà níwájú rẹ̀, inú ilé mi ló kú sí, mo mọ̀, mo sì parọ́ fún ọ.

Baba rẹ.